Bẹ́ńṣì Abẹ́ Fèrèsé

Ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà ní ìparí afárá pákó ní Mahintedo, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọlé. Ìta ni yóò jókòó, lórí bẹ́ńṣì gígùn kan tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ lábẹ́ fèrèsé ọwọ́ ọ̀tún, yóò máa gbọ́ ìwàásù láti ibẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dá, yóò ka ọjọ́ méje, yóò wẹ̀, yóò wọ aṣọ funfun rẹ̀, yóò sì wọlé. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnì kankan. Ohun tí obìnrin bá mọ̀ nípa ara rẹ̀ ni yóò fi ṣe é.

Tabitha, ìyá Pius, ni ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní òfin yìí. Bí ọmọ kan bá rí tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ìyá rẹ̀ á mú un wá sí ìdí ààro tí Tabitha ti ń yan ẹja. Tabitha á kọ́ ọ bí a ti ń ká àkísà, bí a ti ń fi ọṣẹ àti omi òjò fọ̀ ọ́, nítorí pé omi odò ti ní epo nínú. Á kọ́ ọ kó sá a sínú oòrùn gangan, kì í ṣe sábẹ́ ibùsùn níbi tí ìtìjú máa ń gbé e pamọ́ sí. Á wá ní, "Bí ó bá pọ̀ jù, bí ó bá pẹ́ jù, bí inú bá ń run ọ́ débi pé o kò lè dìde, wá sọ fún mi. Má jókòó tì í." Gbólóhùn kan náà ló ń sọ fún gbogbo wọn, ohùn kan náà ló sì fi ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń ka ẹja sínú agbọ̀n.

Ó ku díẹ̀ kó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún. Kọ́lájọ ọkọ rẹ̀ lọ sí òkun ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Láti ìgbà náà ni nǹkan kan ti dákẹ́ nínú Tabitha. N kò sọ pé inú rẹ̀ bàjẹ́. Ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ máa ń sọ̀rọ̀, ó máa ń sunkún. Òun kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó ń jí, ó ń dáná, ó ń yan ṣáwá, ó ń jẹ pupuru rẹ̀, ó ń sùn. Ìka rẹ̀ ti yi débi pé ọwọ́ lásán ló fi ń yí ẹja lórí iná. Pius, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tó ń wa epo lójú òkun. Ó máa ń wálé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan oṣù Tabitha ti dúró láti bí ọdún mẹ́fà. Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, ó ń yí ẹja lọ́wọ́ nígbà tó rí ẹ̀jẹ̀ lára ìró rẹ̀. Ó wò ó. Ó yí ẹja tó kù, ó bo iná, ó sì lọ fọ ìró náà. Kò rò ó sí ibì kankan.

Nígbà tí ó di Sọ́ńdè, ó lè wọlé. Ta ni ìbá mọ̀? Ta ni yóò ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí obìnrin tí orí rẹ̀ ti funfun? Ṣùgbọ́n òfin tó fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò lè fò ó dá. Ó ká aṣọ funfun rẹ̀ sí apá, ó sì lọ síbi bẹ́ńṣì. Moríkẹ́ wà níbẹ̀, ìyá ọlọ́mọ méjì, ọ̀kan nínú àwọn tó ti kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààro nígbà tí wọ́n wà ní kékeré.

"Ìyá, ìta nibí o," ni Moríkẹ́ wí. "Àwọn ẹgbẹ́ yín wà nínú ilé."

"Mo mọ̀ pé ìta ni."

"Àbí ó rẹ̀ yín?"

"Kò rẹ̀ mí. Sún díẹ̀."

Moríkẹ́ sún.

Nígbà tí ìsìn parí, Jọọlá ló kọ́kọ́ jáde. Ìyàwó àbúrò Kọ́lájọ ni, òun náà ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa, ọ̀rọ̀ kì í sì í tutù kó tó gbé e. Ó wo Tabitha, ó wo bẹ́ńṣì, ó sì kígbe.

"Ẹ gbà mí o! Ìyá Pius ti padà di ọmọge! Ẹ tètè bá mi wá ọkọ fún un, kó má jẹ́ arúgbó o, ti arúgbó kò lè gbé e mọ́!"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí afárá fi ń mì. Ọ̀kan ní, "Omi elépo yìí ni. Ó pa ẹja, ó pa koríko, ó wá sọ Ìyá Pius di ọmọdé."

"Ẹ̀yin náà ẹ lọ mu ún," ni Tabitha dáhùn.

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ti ń tú ká, Jọọlá sún mọ́ ọn, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bó bá jẹ́ tèmi ló padà, Ìyá Pius, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́. N óò kàn máa wọlé mi ni."

"Ìwọ lo mọ̀," ni Tabitha wí.

Wòlíì Lawrence, olórí ìjọ náà, ènìyàn dáadáa ni, inú rẹ̀ sì dùn tọkàntọkàn. Ó ní Sárà ni èyí, pé Ọlọ́run kò ṣe irú rẹ̀ rí láàrin wọn. Ó ní Sọ́ńdè tí Tabitha bá ti mọ́, tó sì wọlé, ni wọn yóò ṣe ìdúpẹ́ ńlá. Pius fi aṣọ funfun tuntun ránṣẹ́ láti ojú òkun. Tabitha gbé e sínú àpótí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ méje rẹ̀. Ó ka mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ padà. Ó tún kà á dé márùn-ún, ó padà. Wòlíì sún ìdúpẹ́ síwájú, ó tún sún un. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè pé irú ìbùkún wo ni èyí tí kò jẹ́ kí ẹni tó gbà á wọlé wá dúpẹ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe ara ìjọ. Nọ́ọ̀sì Adétutù ni, ọmọ Ìbàdàn tí ìjọba gbé wá sí ilé ìwòsàn kékeré ìlú náà. Ó ń kọjá lọ lórí afárá ní àárọ̀ Sọ́ńdè kan, ó di bàtà rẹ̀ mọ́wọ́ nítorí pé pákó ń yọ̀. Ó rí orí funfun kan láàrin irun dídì àwọn ọmọdé, ó sì dúró.

"Ẹ kú ìjókòó, màmá."

"Ẹ kú ìrìn, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ẹ rọra o, pákó yẹn ti gbé ènìyàn ṣubú rí."

"Màmá, ẹ má bínú o. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣe nǹkan oṣù ló ń jókòó síbí."

"Wọn kò purọ́ fún yín."

Nọ́ọ̀sì náà gbé bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jókòó tì í. Kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè bóyá ó ti dúró kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Tabitha ní ọdún kẹfà rèé tó ti dúró. Ó béèrè bóyá ó ń dùn ún. Tabitha ní rárá.

"Ṣé ẹ ti rù sí i?"

"N kì í wo ara mi."

"Màmá, ẹ gbọ́ mi. Bí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dúró tó pé ọdún kan gbáko, ẹ̀jẹ̀ tó bá tún yọ lẹ́yìn ìyẹn, ìbáà ṣe ẹ̀kán kan péré, kì í ṣe nǹkan oṣù mọ́. Ó lè jẹ́ nǹkan kékeré, kó jẹ́ pé ara ibẹ̀ ló gbẹ. Ó sì lè jẹ́ nǹkan ńlá. Èmi kò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. Dókítà tó ń tọ́jú ilé ọmọ wà ní Òkìtìpupa, òun ló máa wò ó. Pé kò dùn yín, ìyẹn kò sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Wòlíì ní ìdúpẹ́ ni."

"Ẹ ó dúpẹ́, màmá. Ẹ kọ́kọ́ ti Òkìtìpupa dé."

Tabitha ní òun ti gbọ́. Kò sì lọ. Bí a bá ní ìbẹ̀rù ló mú un, a ti purọ́ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà kàn gba etí rẹ̀ wọlé ni, kò rí ibi jókòó sí. Nọ́ọ̀sì wá bá a nídìí ààro lẹ́ẹ̀kan, ó tún wá. Tabitha fún un ní ẹja, ó kí i pé ó ṣeun.

Moríkẹ́ ló wá sọ ọ́. Oṣù tirẹ̀ tún ti yí ká, ó sì tún dé orí bẹ́ńṣì. Nínú ilé, wọ́n ń kọrin.

"Ìyá," ni ó wí, "mo lọ, mo dé, mo tún lọ, mo tún dé. Ẹ̀yin kò kúrò lórí bẹ́ńṣì yìí."

"Kò tíì pé ọjọ́ méje ni."

"Nígbà tí ìyá mi mú mi wá bá yín, ẹ ní bó bá pẹ́ jù, kí n wá sọ fún yín. Tiyín ti pẹ́ jù, Ìyá. Ta lẹ sọ fún?"

Tabitha la ẹnu. Ẹni tí òun ìbá sọ fún wà nínú òkun. Ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì gbọ́."

"Ó gbọ́. Kí lẹ wá ṣe sí i?"

Orin parí nínú ilé, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Tabitha wo àkísà tó ká sórí itan ara rẹ̀, bí òun fúnra rẹ̀ ti ń kọ́ wọn láti ká a, ní igun mẹ́rin, láìwọ́. Òun ti ṣe gbogbo ohun tó ń kọ́ wọn tán, àfi èyí tó kẹ́yìn.

"Bá mi sọ fún Nọ́ọ̀sì," ni ó wí, "pé n óò bá a lọ ní Mọ́ńdè."

Wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Igbókòdá, wọ́n wọ mọ́tò láti ibẹ̀ lọ sí Òkìtìpupa. Obìnrin ni Dókítà Ọlálẹ́yẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó fi ẹ̀rọ wo inú Tabitha, ó sì mú díẹ̀ lára ilé ọmọ rẹ̀ kí wọ́n lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹn dùn ún. Tabitha rántí rẹ̀ nítorí pé ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti dùn ún.

Nígbà tí wọ́n padà lọ gbọ́ èsì, Pius ti gba àyè níbi iṣẹ́, òun ló tẹ̀lé e.

"Jẹjẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ọmọ yín, màmá," ni dókítà wí. "A kò rí i ní ibòmíràn. A óò yọ ilé ọmọ náà, a kò sì gbọdọ̀ fi falẹ̀."

Pius gbé orí lé ọwọ́. "Iye!" ni ó ń wí, bí wọ́n ti ń pe ìyá ní ẹ̀bá òkun. "Iye mi o!"

"Dákẹ́," ni Tabitha wí. "Ṣé a óò ṣì bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ní Igbókòdá? Mo sá ede síta."

Dókítà wò ó. "Màmá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mo gbọ́. Ẹ ní ẹ ó yọ ọ́. Ẹ yọ ọ́."

Wọ́n yọ ọ́. Nígbà tó jí, fáànù ń yí lókè, ó sì ń wò ó. Ó fi ọwọ́ kan ibi tí wọ́n dì. Ibi tí Pius sùn sí kó tó wá sáyé kò sí mọ́. Ó wá ìbànújẹ́ kiri nínú ara rẹ̀, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò; kò rí i. Dókítà ní gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa, pé ẹ̀jẹ̀ ló ké sí i, òun náà sì jẹ́ ipè náà kó tó pẹ́ jù. Ó ní kó má gbé ẹrù, kó má wa ọkọ̀, kó sì máa padà wá fún àyẹ̀wò.

Ó sinmi títí ara rẹ̀ fi jinná. Lẹ́yìn náà ló wọ aṣọ funfun tuntun tí Pius rà, ó sì wọlé. Wòlíì Lawrence ní kó wá jẹ́rìí. Ó dìde dúró.

"Ẹ ní Sárà ni mí," ni ó wí. "N kì í ṣe Sárà. Àìsàn ló wà nínú mi, wọ́n sì ti yọ ọ́. Obìnrin tí tirẹ̀ bá ti dúró, tó wá tún rí ẹ̀jẹ̀, kó má dúró dè mí. Kó lọ bá Nọ́ọ̀sì." Ó jókòó.

Àwọn ènìyàn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n ṣe àmín. Wòlíì ló kọ́kọ́ ṣe é, jẹ́jẹ́, ó sì fi aṣọ nu ojú rẹ̀.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, Tabitha jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ọwọ́ ọ̀tún. Bó ti ń wo ìta, ó rí orí àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì: irun dídì, irun dídì, lẹ́yìn náà gèlè kan. Ó mọ gèlè náà. Ó dìde láàrin ìwàásù, ó sì jáde.

Jọọlá kò gbójú sókè. "Ìyá Pius," ni ó wí, "ẹ bá èmi náà wá ọkọ."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Tabitha jókòó tì í, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. "Láti ìgbà wo?"

Jọọlá ní, "Kí tiyín tó padà."

Wòlíì ń ka Bíbélì nínú ilé, ohùn rẹ̀ ń gba fèrèsé jáde sórí wọn. Àwọn ọmọbìnrin tó kù sún sí ìparí bẹ́ńṣì, wọ́n fi àyè sílẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì ń wọ ọkọ̀ lọ sí Òkìtìpupa láàárọ̀ ọ̀la," ni Tabitha wí.

"Mo gbọ́."

"N óò bá ọ lọ."

Jọọlá na ọwọ́ sí i láìwò ó, Tabitha sì gbà á mú. Ó di ọwọ́ náà mú títí ìsìn fi parí. Ìka rẹ̀ ti yi jù, kò mọ̀ bóyá ọwọ́ náà gbóná tàbí ó tutù.