Ọjọ́ Kan Tí Mo Fi Kún Ọrún Ìyá Àgbà

Èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe ọ̀gá, kì í sì í ṣe ìyá àgbà. Èmi tí mo jẹ́ ẹnu fún àwọn méjèèjì ni mo fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ tí wọ́n dá, nígbà tí mo sì mọ̀, mo dákẹ́.

Abúlé wa wà lẹ́yìn Mónìyà, ní Akínyẹlé, níbi tí ọ̀dà ti tán tí ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Mo ti fi ilé ìwé girama sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, mo sì ń bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ ní oko ìwádìí tí kò jìnnà sí wa. Ọ̀gá kì í ṣe Yorùbá. Etí òkun lọ́hùn-ún ni ìlú wọn. Yorùbá wọn kò ju “ẹ káàárọ̀” lọ, ìyẹn náà, wọ́n lè fi kí ọ ní ìrọ̀lẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà ni gẹ̀ẹ́sì ọ̀gá, pàápàá èyí tí wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ ọdún àti àkókò. Bí wọ́n bá ní “all year round”, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n bá ní “in no time”, kó o ti parí rẹ̀ kí wọ́n tó yíjú padà ni. Mò ń ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa ọsàn lábẹ́ igi, bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, màá kó wọn lọ bá ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní ìyá àgbà.

“Ìyá àgbà, àwọn òyìnbó máa ń ná àkókò. ‘Spend time’ ni wọ́n ń pè é.”

“Àkókò ni wọ́n ń ná?” Wọ́n gbé ọ̀bẹ kúrò lára ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń bó. “Ọwọ́ ta wá ni ṣéńjì wà?”

“Ìyá àgbà!”

“Má ìyá àgbà mi. Akọ̀wé tí kò ní tábìlì. Dìde, lọ pọn omi wá.”

Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Lẹ́yìn iṣẹ́, ọ̀gá á wá jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìn ilé wa pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé tí wọ́n máa ń wọ̀ sóko. Ìyá àgbà á sun àgbàdo fún wọn. Èyí á sọ tirẹ̀, ìyẹn á sọ tirẹ̀, wọ́n á sì jọ bú sẹ́rìn-ín kí n tó ráyè túmọ̀ ohunkóhun. Ìyá àgbà kì í pè wọ́n ní ọ̀gá. “Ọmọ mi oníṣòkòtò péńpé” ni orúkọ wọn.

Ní ọdún kan, kòkòrò ba ẹ̀bù iṣu ìyá àgbà jẹ́ nínú àká, kò ku ohun tí wọn yóò gbìn. Ọ̀gá ló gbé ẹ̀bù àpò kan wá láti ilé wọn, tí wọn kò gba nǹkan kan. Iṣu náà ta dáadáa. Òrìṣà Oko ni ìyá àgbà ń bọ, ẹnu wọn kì í kan iṣu tuntun kí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà tó pé. Ọjọ́ yẹn ni ọdún ń yí padà fún wọn, kì í ṣe oṣù Jánúárì.

“Sọ fún ọmọ mi pé ọrún òní ni,” wọ́n wí fún mi, ọ̀gá sì wà níbẹ̀. “Ẹni tó fún mi ní ẹ̀bù ni yóò fọwọ́ bà á ṣáájú mi. Bí kò bá tíì jẹ, n kò ní í jẹ.”

Lọ́dọ̀ wa, bí a bá ń ka ọrún, òní la ti ń bẹ̀rẹ̀. Àtàǹpàkò ni òní, ìka tó tẹ̀ lé e ni ọ̀la, títí ọwọ́ kan á fi kún. Mọ́ńdè ni ọjọ́ náà, Fúráìdè ni ọrún rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi, márùn-ún ni mo gbọ́, gẹ̀ẹ́sì tó dùn sì ti wà lẹ́nu mi.

“In five days' time, sir!”

Ọ̀gá na ọwọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka láti ọ̀la. Wọ́n kà á dé Sátidé. Mò ń wò wọ́n, n kò bá wọn kà á. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ní Fúráìdè, mo ti gbààyè níbi iṣẹ́. Ìyá àgbà tètè wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n bọ òrìṣà, wọ́n gúnyán. Àwọn ará ilé jẹ tiwọn. Ìyá àgbà dé abọ́ méjì, tiwọn àti ti ọ̀gá, wọ́n sì dojú kọ ọ̀nà. Oòrùn kan àtàrí, ó yẹ̀. Àbúrò bàbá mi ń kọjá lọ, ó ní:

“Ìyá, oníṣòkòtò péńpé yín ti jẹ ráìsì tirẹ̀ ní kọ́tà òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin wà níbí, ẹ ń gbààwẹ̀.”

“Ẹnu ẹ á kó ẹ sí gbèsè,” ni ìyá àgbà dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n gbé abọ́ méjèèjì fún àwọn ọmọdé, wọ́n sì mu gàrí sùn.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá dé. Bùbá àti ṣòkòtò tuntun ni wọ́n wọ̀, ṣòkòtò gígùn, pẹ̀lú búrẹ́dì ńlá méjì lọ́wọ́. Wọ́n na ìka márààrún sókè sí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé láti ọjọ́ kejì Mọ́ńdè ni àwọn ti ń kà á. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi.

Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. “Sọ fún un pé ẹni a pè lánàá kì í dé lónìí.”

Mo sọ fún ọ̀gá pé màmá ní ẹ káàbọ̀. Mo wá yíjú sí ìyá àgbà: “Wọ́n ní ẹ má bínú, ọkọ̀ wọn ló kọṣẹ́ lánàá.”

“Ọkọ̀? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́, ṣé òun náà kọṣẹ́ ni?”

Irọ́ tí mo rò pé yóò tún un ṣe ló bà á jẹ́ tán. Ìyá àgbà bu omi fún àlejò, wọn kò fún wọn ní iṣu. Ọ̀gá mu omi náà, wọ́n dúró, wọ́n ń wo ojú mi, wọ́n ń wo ìkòkò. Nígbà tó pẹ́, wọ́n gbé búrẹ́dì kalẹ̀, wọ́n lọ.

Kí ló dé tí n kò sọ̀rọ̀? Gẹ̀ẹ́sì yẹn nìkan ni mo ní. Nínú agbo ilé, wọ́n ń fi akọ̀wé ṣe mí yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń pè mí bí ìwé bá dé. Ojú tì mí láti sọ pé n kò mọ bí a ṣe ń bá èèyàn méjì ka ìka márùn-ún.

Ọ̀gá ṣì wá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà wọn kò wá mọ́. Nígbà tí ibi iṣẹ́ fẹ́ gbé wọn lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n wá dágbére. Ìyá àgbà wà nínú yàrá, wọ́n ké sí mi pé, “Sọ fún un pé n kò sí nílé!” Kò sí ẹni tó nílò ògbufọ̀ fún ìyẹn. Ọ̀gá bi mí ní gẹ̀ẹ́sì pé kí ni àwọn fi ṣẹ màmá.

“Nothing, sir,” ni mo wí.

Ó tó ọdún méjì kí n tó jẹ́wọ́ fún ìyá àgbà, níbi tí a ti ń kọ ebè. Wọ́n ka ìka wọn láti òní, wọ́n tún kà á láti ọ̀la, wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀rín náà wá dá.

“Ó wá, àbí? Ó wá, mo fi omi lásán lé e.”

“Ẹ dárí jì mí, ìyá àgbà.”

“Èmi ti gbọ́ tèmi, ọkọ mi. Òun ńkọ́?”

Ìyá àgbà ti papòdà báyìí. Mo ti béèrè ní oko ìwádìí, wọ́n sọ ìlú tí ọ̀gá wà fún mi. Ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ kò wọ́n. N kò tíì lọ. Níbikíbi tí ọ̀gá bá wà, bóyá wọ́n ṣì ń bi ara wọn ohun tí wọ́n ṣe. Mo jẹ wọ́n ní ìdáhùn: pé wọn kò ṣe nǹkan kan, àti pé ìyá kan fi ebi pa ara rẹ̀ ní odindi ọjọ́ kan nítorí wọn.