Sójà Kì Í Jókòó Dá Ìjọba Lóhùn

Tẹ́lẹ̀, bárékè ni bàbá mi ti máa ń lọ tò lábẹ́ oòrùn kí ìjọba lè rí i pé ó ṣì wà láàyè. Ní báyìí, fóònù ló ń ṣe é. Fóònù á wo ojú sójà tó ti fẹ̀yìn tì, á ní kó yí orí díẹ̀. Bó bá rí i pé ẹlẹ́mìí ni, owó ìfẹ̀yìntì ń bá a lọ nìyẹn. Bí kò bá rí i, owó dúró. Owó yẹn la sì fi ń ra oògùn rẹ̀, látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá mi po sítáàṣì sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun bàbá mi, ó lọ̀ ọ́ títí ó fi le gbagidi. Bàbá mi dé fìlà ológun, ó gbé àwọn àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ kọ́ àyà. Mo ní ojú nìkan ni fóònù ń wò, kì í wo àyà. Ó kàn tún wọn tò kí wọ́n gún régé. Mo gbé àga sí fàráǹdà, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọọ̀kì ti ń ṣe bí ọmọlúàbí nínú ilé wa ní Fẹ́sìtáàkì. Ó fọwọ́ ti àga náà sẹ́yìn.

"Sójà kì í jókòó dá ìjọba lóhùn," ló wí.

Ó dúró ṣánṣán, ó gbé àgbọ̀n sókè.

"Dádì, ẹ yí orí yín sọ́tùn-ún díẹ̀."

Kò mira. Ojú rẹ̀ pàápàá kò ṣẹ́. Fóònù ní òun ò rí ẹlẹ́mìí níbẹ̀. Mo tún bẹ̀ ẹ́, fóònù tún kọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ òsì ti ń gbọ̀n. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí kó má lọ ṣubú.

"Dádì, ẹ ṣáà yí orí."

Ètè lásán ló fi fèsì. "Mo wà ní attention. Ta ló pàṣẹ?"

Ìyá mi ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà, síbí ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó ti tẹ̀ lé e láti bárékè dé bárékè, tó mọ ohùn paréèdì ju orin ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ó jáde, ó dúró lẹ́yìn mi, ó pàṣẹ bíi sájẹ́ǹtì:

"Eyes right!"

Wìrì, orí bàbá mi yí sọ́tùn-ún.

"Eyes front!"

Ó dá a padà síwájú. Fóònù gbà pé ó wà láàyè. Orí mi wú, n ò mọ̀gbà tí mo pàtẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì.

Àmọ́ bàbá mi ò tíì kúrò lójú kan. Ìyá mi rẹ ohùn sílẹ̀. "Dismiss, bàbá àwọn ọmọ mi. Ẹ wá jókòó."

Ìgbà yẹn ló tó jókòó. Ó mí kanlẹ̀, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó nàgà dé e fún ìyá mi lórí síkáàfù tó fi ń dáná.

"Ya òun náà," ó sọ fún mi. "Gbogbo ibi tí wọ́n rán mi lọ ló bá mi dé. Kò sì sí ìjọba tó bi í rí bóyá ó wà láàyè."

Mo gbé fóònù sókè. Ìyá mi gbé àgbọ̀n sókè, ó mú síbí ọbẹ̀ mọ́ ìhà, kò sì mira.