Ilẹ̀ Pákó Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkẹ́rẹ́, ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ ní pálọ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa, àlejò ni. Pákó ni ilẹ̀ ibẹ̀. Bàbá bàbá mi ló kàn án, ó sì ti wọ́: ibì kan ga bí ebè, ibòmíràn jìn bí àwo ọbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ọsàn bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni lẹ́nu ọ̀nà, abẹ́ fèrèsé la ó ti lọ mú un.

Àwa ọmọdé gbádùn rẹ̀ o. A máa ń fi ọsàn náà sáré ìje. Ní Sátidé, tí a bá ń fọ ilẹ̀, omi ọṣẹ á wọ́ jọ sáàárín, a ó máa fi àkísà fà á. Ẹni tó bá jẹ́ kí omi já sórí àpò gàrí tó wà nísàlẹ̀, pàṣán ni oúnjẹ rẹ̀.

Màámi ni kò rí eré kankan níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló ti ń gúnyán, òun náà ló ń gbé e gòkè fún bàbá mi àti àwọn àlejò wọn. Lọ́jọ́ kan, ó fẹsẹ̀ kọ pákó tó ga yẹn. Iyán fò lọ, ọbẹ̀ gbígbóná dà sí i láyà, orúnkún rẹ̀ sì gbá igi. Orúnkún yẹn kò gbádùn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó bẹ bàbá mi pé kí wọ́n pe káfíńtà. Ilé wa ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ládùúgbò, bàbá mi kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ó wọ́. Wọ́n ní, "Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá mi ò wọ́. Ẹsẹ̀ yín ni ò mọ ìrìn." Nígbà tí Kérésì dé, wọ́n ra kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà tuntun, wọ́n tẹ́ ẹ lé ti àtijọ́ lórí. Bẹ́ẹ̀ ni lọ́dọọdún. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ tẹnu ọmọdé?

Bàbá mi ti kú báyìí. Lọ́dún tó kọjá, Fẹ́mi àbúrò mi kó pákó ìgbàlódé tó ń dán wá láti Èkó, ó ní kí wọ́n tẹ́ ẹ lé gbogbo kápẹ́ẹ̀tì náà lórí. "Àǹtí mi, ta ló fẹ́ wo abẹ́ rẹ̀? Àlejò Kérésì ti ń bọ̀." Orí mi gbóná. Ohùn bàbá mi ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀! Ọ̀pá ni Màámi fi ń rìn, ògiri ló sì ń dì mú ní pálọ̀ ara rẹ̀. Tó bá tún ṣubú lọ́jọ́ ogbó yìí, ó lè má dìde mọ́. N kò bá Fẹ́mi jiyàn. Mo mú ọ̀bẹ, mo ya àwọn kápẹ́ẹ̀tì náà fúnra mi, Kérésì kan lábẹ́ òmíràn, mo ń sín, mo sì ń bú.

Káfíńtà kan wá láti Emùré. Ó kan àwọn pákó tó ń mì mọ́lẹ̀, ó wá na okùn láti ògiri dé ògiri kí ojú lè rí ibi tó ga àti ibi tó jìn. Ó fi ráńdà fá èyí tó ga, ó fi pákó pẹlẹbẹ dí èyí tó jìn, títí gbogbo rẹ̀ fi bá okùn dọ́gba. Ìgbà yẹn ló tó tẹ́ pákó tuntun. Àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti ń palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Àwọn ọmọ wa kò mọ ilẹ̀ tó ń da omi jọ, inú mi sì dùn pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Ní ti ìyá wọn àgbà, ó rìn láti yàrá dé ojú fèrèsé láìfọwọ́ kan ògiri. Ó yíjú sí mi.

"Uṣẹ́ ọjọ́ kan péré nì yí?"

Ojú mi lọ sí orúnkún rẹ̀. Mo ti rò pé ìbínú mi yóò tán tí ilẹ̀ náà bá dọ́gba. Ìgbà náà gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.