Ta Ló Gbé Àga Ọmọ Mi Sẹ́yìn?

Inú ń bí Kafinta. Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé láti ìgbà wo, torí inú ti ń bí ọkùnrin yẹn kí n tó mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ti àárọ̀ Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí kúrò ní kékeré. Ó ń wẹ ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ ni. Ọmọ ọdún méje ni, Màmá Kékeré ni gbogbo ilé ń pè é, torí pé bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ máa rò pé ìyá arúgbó kan ló ń gba yín nímọ̀ràn. Lọ́jọ́ yẹn, ológbò aládùúgbò ló ń bú. Ó ní ológbò náà ò níwà, pé kì í kí èèyàn. Bàbá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé apá ọmọ sókè kó lè fọ abẹ́ rẹ̀, ni ojú rẹ̀ bá bọ́ sí ìgbọ̀nwọ́.

Ó rí i.

Ó da omi sí i kí ọṣẹ lè kúrò níbẹ̀, ó tún wò ó. Awọ ibẹ̀ ti nípọn, ó dúdú ju ara yòókù lọ, ìpẹ́ funfun tín-tìn-tín sì ti ń ṣí lórí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìdérí ìgò lọ. Kafinta ò nílò kẹ́nikẹ́ni sọ ohun tó jẹ́ fún òun. Ó ju kànìnkànìn mọ́ ògiri, ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó sì bú ẹnì kan tí kò dárúkọ. Màmá Kékeré gbàgbé ọ̀rọ̀ ológbò.

"Dádì, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Fọ ẹsẹ̀ ẹ."

Ohun tó ń ṣe Kafinta ti ń bá a gbé láti kékeré. Àwọn dókítà ní orúkọ gígùn kan tí wọ́n ń pè é, àmọ́ Kafinta kì í fi orúkọ yẹn sẹ́nu, "nǹkan yìí" ló máa ń pè é. Bàbá rẹ̀ ní in. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní in. Nǹkan ọ̀hún á ṣe bí ẹni pé òun ti lọ, ọkàn èèyàn á balẹ̀, àfi kó tún yọ ní ìgbọ̀nwọ́, ní orúnkún, láàárín irun orí. Ara á le, á máa yún un, á là, ẹ̀jẹ̀ á jáde, ìpẹ́ á sì máa bọ́ síbi tó bá jókòó sí. Kì í ràn o. Ẹ lè dì mọ́ Kafinta látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò ní ràn yín. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, bàbá ló ń gbé e fọ́mọ, tó bá sì wù ú, ó lè fo ọmọ kọjá. Àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Nígbà tó wà nílé ìwé, Ìpẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ìpẹ́, sún síbòmíì. Ìpẹ́, má fi kọ́ọ̀pù wa mumi. Olùkọ́ kan ló kúkú gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́yìn kíláàsì, síbi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí, ibẹ̀ ló sì jókòó sí títí ó fi kúrò nílé ìwé yẹn. Ó ti di ọ̀gá láyè ara rẹ̀ báyìí, síbẹ̀ bó bá rántí ìgbálẹ̀ wọ̀nyẹn, ọwọ́ rẹ̀ á máa wá hámà.

Ohun tó sọ ọ́ di kafinta gan-an nìyẹn, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sì mọ̀ ọ́n. Ní ṣọ́ọ̀bù kafinta, kò sẹ́ni tí ara rẹ̀ ò funfun. Bí ayùn bá ti ń gé pákó, tí wọ́n ń fi sánpépà fá a, lẹ́búlẹ́bú igi á bo orí, á bo èjìká, á wọnú etí. Ta ló fẹ́ mọ èyí tó bọ́ lára pákó àti èyí tó bọ́ lára èèyàn? Ibẹ̀ nìkan lara ti máa ń tù ú. Tó bá délé, ó tún di nǹkan mìíràn. Táwẹ̀lì tiẹ̀ dá wà, kọ́ọ̀pù tiẹ̀ dá wà, àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó jìnnà sí tábìlì tí ìyàwó àtọmọ ti ń jẹun. Bí ọmọ bá sáré wá pàdé rẹ̀, á ti kígbe látẹnu ọ̀nà pé kó dúró níbẹ̀. Ọmọ á dúró. Ìgbà tó bá ń wẹ̀ ẹ́ nìkan ló máa ń sún mọ́ ọn, torí kànìnkànìn àti ọṣẹ wà láàárín wọn.

Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì, ó mọ bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń po èèyàn mọ́ ọn. Kì í yọ "ẹ" kúrò lẹ́nu tó bá ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tó máa tẹ̀ lé "ẹ" yẹn lẹ ó bẹ̀rù.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ mọ̀ pé kì í ràn, èmi náà mọ̀. Látọjọ́ tá a ti ń sùn pọ̀, ó ràn mí ni? Àbí ọmọ yẹn, inú kọ́ọ̀pù lẹ ti bí i? Kí lẹ wá ń sá fún nínú ilé ara yín?"

"O ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kàn ló mọ̀."

"Ẹ ò jẹ́ ṣàlàyé fún ọmọ nígbà náà."

"Kí n ṣàlàyé kí ni fún ọmọdé? Jẹ́ n sinmi, jàre!"

Kò ṣàlàyé. Ó gbà pé bí òun bá ń fara pa mọ́, ọmọ ò ní mọ̀ ọ́n, tí kò bá sì mọ̀ ọ́n, bóyá nǹkan yẹn náà ò ní mọ ọmọ òun. Ọgbọ́n wo nìyẹn? Ẹ bá mi bi í.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ilé gbóná. Kafinta ní òun sọ ọ́, òun sọ pé òun ò fẹ́ bímọ, wọ́n ní àfi kóun bí i.

"Ẹ tún un sọ," ìyàwó rẹ̀ wí. "Ọmọ wà ní yàrá, kò tíì gbọ́ dáadáa. Ẹ gbé ohùn sókè."

Ojú ti Kafinta, ìtìjú náà sì tún wá di ìbínú. Ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Ó gé ilẹ̀kùn oníbàárà kúrú, ohun tí kò ṣe rí látìgbà tó ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ó sì fi ẹsẹ̀ ta pákó náà bí ẹni pé pákó ló ṣẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìyàwó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Kafinta ò bá wọn lọ. Ó ní kí ni dókítà fẹ́ sọ tóun ò mọ̀. Òótọ́ ni, ohun tó mọ̀ náà ni dókítà sọ: nǹkan bàbá ló wà lára ọmọ. Ó fún wọn ní oògùn ìpara, ó ní kí wọ́n má ṣe fi nǹkan líle ha á, ó sì sọ ọ́ lójú ọmọ pé kì í ràn, kó máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìyàwó ròyìn gbogbo rẹ̀ délé. Kafinta ń wo fèrèsé. Ohun tó ń wò kì í ṣe oògùn, ilé ìwé ló ń wò. Ó mọ ohun tí ilé ìwé máa ń fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe, ìyẹn gan-an lẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Awọ tó là á jinná. Èyí tí wọ́n bá fojú ọmọ rí kì í jinná bọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ rárá. Lọ́jọ́ Tọ́sìdé, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́, Màmá Kékeré ní, "Dádì, èmi náà ti ní àyè tèmi ní kíláàsì báyìí. Mo ń dá jókòó lẹ́yìn."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Kafinta. "Ta ló gbé ẹ síbẹ̀?"

Bó ṣe pariwo mọ́ ọn, ọmọ sorí kodò. Bàbá ò béèrè mọ́. Kí ló tún fẹ́ béèrè? Ó ti mọ ìtàn náà látòkè délẹ̀, ó ti fìdí ara rẹ̀ jókòó sí i.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọmọ ti lọ sílé ìwé, Kafinta náà wọ bàtà. Ìyàwó rẹ̀ gba hámà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹnu nìkan ni kẹ́ ẹ gbé lọ. Ẹnu yín náà tó wọn."

Ó dé ilé ìwé, kò kọjú sí ọ́fíìsì kankan. Láti ojú fèrèsé ló ti rí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, lórí àga kan tó dá wà, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń kọ̀wé. Àyè tó wà láàárín rẹ̀ àtàwọn yòókù, ibùsùn gba ibẹ̀. Nǹkan kan ru sókè nínú bàbá yìí, láti ìgbà tóun náà wà lọ́mọ ọdún méje ló ti ń ru bọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé.

"Ta ló gbé àga ọmọ mi sẹ́yìn?"

Tíṣà, obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀, tó mú ṣọ́ọ̀kì dání, sún mọ́ ọn. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jẹ́ ká bọ́ síta."

"Mi ò bọ́ síbì kankan! Ojú gbogbo wọn lẹ ti ṣe é, ojú gbogbo wọn la ó ti sọ ọ́. Ta ló sọ fún yín pé ó ń ràn? Ìwé wo lẹ kà? Wọ́n ṣe é fún mi, mo gbà. Ẹ ò ní ṣe é fún ọmọ mi, ẹ ò tó bẹ́ẹ̀! Kì í ràn! Ṣé ẹ gbọ́? Kì í ràn!"

Tíṣà náà ò ṣe ojo. Ó jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ẹ ti sọ tiyín, sà, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Èmi kọ́ ni mo gbé àga yẹn. Lọ́jọ́ Túsìdé, bí mo ṣe kọjú sí pátákó tí mo tún yíjú padà, ó ti wọ́ ọ lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo dá a padà, ó tún wọ́ ọ lọ. Mo bi í pé ṣé ẹnì kan lé e ni, ó ní rárá. Ó ní bí àwọn tó ní nǹkan yẹn ṣe ń jókòó nìyẹn. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́, pé òun rí i nílé. Ìyá rẹ̀ ni mo ń retí kó wá mú un lónìí, kí n lè bá a sọ ọ́."

Ìbínú Kafinta ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò wá rí ẹni tó máa jù ú lù mọ́. Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran, wọ́n ti ń wí i tipẹ́, bàbá náà ni wọ́n ń bá wí. Ó fẹ́ bínú sí tíṣà, kò rí ti tíṣà rò. Ó fẹ́ bínú sí bàbá rẹ̀ tó ti kú, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ló bá kọjú sí ọmọ, ohùn náà sì ń le sí i, torí kò mọ ohùn mìíràn tó lè lò.

"Ta ní kó o máa dá jókòó? Ṣé dókítà ò ti sọ fún ẹ ni? Kì í ràn! Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ sọ ọ́? Kì í ràn ẹnikẹ́ni!"

Màmá Kékeré gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀ bí ẹni pé òun ni àgbà, tí bàbá jẹ́ ọmọdé tó ń da ilé rú.

"Mo gbọ́, Dádì. Tí kì í bá ràn, kí ló dé tẹ́ ẹ kì í gbé mi?"

Inú ń bí Kafinta débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀ níwájú ọmọ ọlọ́mọ, ara rẹ̀ gan-an sì ni inú ń bí i sí, ìyẹn ò ṣe é fi hámà yanjú. Ó rìn dé ẹ̀yìn kíláàsì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá ọmọ, ó gbé e. Ọmọ náà wúwo ju bó ṣe rò lọ. Màmá Kékeré na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò mọ ibi tó yẹ kóun gbé wọn lé lára bàbá òun.