Ọ̀rọ̀ Tí Enoch Wá Nínú Bíbélì Hetty

Enoch Tattersall kì í ṣe ẹlẹ́sìn. Ogójì ọdún ló fi fọ́ òkúta lórí òkè Yorkshire, oorun ló sì máa ń fi ọjọ́ ìsinmi sùn. Hetty ìyàwó rẹ̀ ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n eré kan wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí Enoch bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó ní, "Awọ eyín ni mo fi yọ lónìí, òkúta ńlá já lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi," Hetty á dárúkọ ìwé Bíbélì tí ọ̀rọ̀ náà ti wá láti ilé ìdáná:

"Jóòbù!"

Bó bá ní ẹ̀kán omi kan nínú garawa lòjò tó rọ̀, ó di, "Àìsáyà!"

"Ẹnu mi lọ̀rọ̀ ti jáde. Kí ló kan Àìsáyà?"

"Òun ló yá ẹ, o ò tiẹ̀ dúpẹ́."

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, Hetty dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ń nù ún lójú, ni Enoch bá ní kóun pa á lẹ́rìn-ín.

"Ìmọ́tótó ló súnmọ́ ìwà-bí-Ọlọ́run jù. Ó yá, ìwé wo nìyẹn?"

Hetty rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti rẹ̀ mí. Màá sọ fún ẹ lọ́la."

Ilẹ̀ ò mọ́ bá a.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀rọ̀ ò tán lẹ́nu Enoch, ẹni tó máa dáhùn ni kò sí. Lọ́jọ́ kan, yìnyín yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà alápatà. Díẹ̀ ló kù kó ṣubú, ògiri ló dì mú.

"Baba, awọ eyín lẹ fi yọ o!" ni ìyàwó alápatà wí.

"Jóòbù," ni Enoch dáhùn.

"Ta ni Jóòbù? Ṣé òun ló ń bọ̀ wá mú yín lọ sílé ni?"

Enoch gba ẹran rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé Bíbélì Hetty sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì, ó ń fi ìka tọ ìlà, ó ń wá ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó tí Hetty ò dáhùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará àdúgbò ló ń bá pàdé: òkú eṣinṣin inú òróró, ìkọ̀wé ara ògiri, àmọ̀tẹ́kùn tí kò lè pa àmì ara rẹ̀ dà. Bó bá kan ọ̀kan, á kà á sókè, á sì dúró díẹ̀. Aago ara ògiri nìkan ló ń dún. Ó parí Ìfihàn ní oṣù kẹrin, kò rí ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó. Ló bá wọkọ̀ lọ bá àlùfáà, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

"Kò sí níbẹ̀, Baba. Àwọn èèyàn kàn rò pé ó wà níbẹ̀ ni."

"Kò sí rárá?"

"Rárá. Ẹ wá ní ẹ ka gbogbo ẹ̀ tán? Èmi gan-an máa ń fo ìwé Númérì!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Enoch, ó sì ya òun alára lẹ́nu. Nígbà tó yá, ó ní, "Hetty mọ̀. Ó mọ̀ pé kò sí níbẹ̀."

Ó sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ títí tíì tí àlùfáà gbé fún un fi tutù. Bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin ló wọ̀ padà. Ó gbé fìlà rẹ̀ sórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń di àyè mú fún Hetty, kò sì sẹ́ni tó bèèrè àyè náà títí ó fi sọ̀kalẹ̀.