Ojú-Ìwé Gbajúmọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Olúwarótìmí Ayọ̀rìndé jẹ́, kó lọ wo tábìlì rẹ̀ ní yàrá àwọn olùkọ́. Bírò pupa lápá ọ̀tún, bírò dúdú lápá òsì, rúlà láàárín, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yá ọ̀kankan níbẹ̀ láìkọ orúkọ sílẹ̀. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní kọ̀ǹpútà ní Adó-Èkìtì, ó sì ju ìdajì ọdún yẹn lọ tó fi ń ya kọ̀ǹpútà sára pátákó nítorí pé kò síná. Ọkùnrin náà kò burú o. Ó kàn gbà pé ohun tí òun bá ti tò dáadáa, òun ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àjíǹde tó kọjá ni ẹbí Ayọ̀rìndé ṣèpàdé ní Igbemo, tí wọ́n ní kí wọ́n kọ ìtàn ilé wọn sílẹ̀ kí àwọn àgbà tó kó o lọ sọ́run. Ta ni yóò ṣe é? Gbogbo ojú yí sí Rótìmí. Òun náà ò sì kọ̀ ọ́. Ó ní wíkì ni àwọn máa lò, ìyẹn ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ẹbí lè jọ máa kọ, tí ẹni tó wà ní Kánádà yóò kọ díẹ̀ sí i, tí ẹni tó wà ní Fájuyì l'Adó níbí yóò tún un ṣe. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ṣa irú wíkì tí wọn yóò lò. Èyí kò lè fi ẹni tó kọ nǹkan hàn, ó jù ú nù. Ìyẹn lè fi í hàn, ṣùgbọ́n kò ní bí ẹ ṣe lè ti ilẹ̀kùn mọ́ aláìgbọràn, ó jù ú nù. Bùsáyọ̀ ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Nígbà tí ẹ fẹ́ fẹ́ mi, ẹ ò yẹ̀ mí wò tó báyìí o."

Èyí tó wá mú níkẹyìn, ibikíbi tí orúkọ ènìyàn bá ti hàn nínú rẹ̀, líǹkì ni yóò dà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ orúkọ náà, ẹ ó bá ara yín lójú-ìwé ẹni tó ni ín. Bí ẹni náà kò bá tíì ní ojú-ìwé, orúkọ rẹ̀ yóò pọ́n bí ata títí ẹnì kan yóò fi kọ ọ́. Rótìmí tún fi ohun kan kún un látọwọ́ ara rẹ̀: àpótí kékeré lókè ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan, níbi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ sọ bóyá ẹni náà wà láàyè tàbí olóògbé ni. Bí ẹ ò bá kọ ọ̀kan, wíkì kò ní gba ohun tí ẹ kọ. Inú rẹ̀ dùn sí àpótí yẹn púpọ̀.

Ojú-ìwé tó kọ́kọ́ kọ kì í ṣe ti bàbá àgbà. Ti Gbajúmọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Gbajúmọ̀ jẹ́, gẹ́gẹ́ bí Rótìmí ṣe mọ̀ ọ́n. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta ní Igbemo, gìrì mú un lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní ọjọ́ tó ṣáájú, kò lè dìde. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Ẹnì kan ló já ọmọ náà gbà, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó sì bẹ́ sójú ọ̀nà. Ó sáré títí tí ọkọ̀ agégẹdú kan fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn ní Adó. Dókítà ní tí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ sí i, òkú ni wọn ì bá gbé wá. "Gbajúmọ̀ ọkọ mi ló gbà ọ́ lọ́wọ́ ikú," bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń wí. Rótìmí pé ọmọ ọdún méjìlá, ìyá náà kú, kò sì tún gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ti fọkàn ara rẹ̀ ya Gbajúmọ̀: ọkùnrin gíga, apá líle, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó dé ibi àpótí, ó ronú díẹ̀. Ẹni tí òun kò fojú kàn láti ogójì ọdún, ibo ni yóò tún wà? Ó tẹ "Olóògbé." Ó tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé gbèsè ẹ̀mí ni òun jẹ ẹ́, kó sùn re o. Omi bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, "Olóògbé" ti pòórá. Ẹnì kan ti yí i sí "láàyè."

Rótìmí wo àkọsílẹ̀ ẹni tó ṣe é. Fúnkẹ́mi ni, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, àbígbẹ̀yìn bàbá àgbà. Ẹ̀jẹ̀ ru sí i lórí. Òun àti Àǹtí Fúnkẹ́mi kò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́wàá, láti ọjọ́ ìsìnkú bàbá rẹ̀. Àǹtí ti fi ìjọ Áńgílíkà sílẹ̀ nígbà náà, ó ti di Aládùúrà, aṣọ funfun ló sì wọ̀ wá. Rótìmí tó ń to àga sọ fún un lójú gbogbo ènìyàn pé kó lọ jókòó lẹ́yìn, pé funfun kò bá ètò àwọn mu. Ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí àbúrò bàbá rẹ̀ níwájú pósí, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Ó dá "Olóògbé" padà. Ọjọ́ kejì, ó ti tún pòórá. Ó dá a padà. Ó tún pòórá. Ní ìgbà kẹta, Rótìmí ní, "Ẹni tó fẹ́ bá mi ṣe yẹ̀yẹ́, kó wá nǹkan mìíràn ṣe, kì í ṣe òkú ẹni tó gbà mí là." Ó tún dá a padà, ó sì ti wíkì mọ́ Àǹtí Fúnkẹ́mi. Bó bá ti gbìyànjú láti kọ nǹkan, ohun tí yóò rí ni: "O kò láṣẹ níbí." Rótìmí fúnra rẹ̀ ló kọ gbólóhùn yẹn. Ó sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìyọnu mìíràn ló wá gbé e dé Igbemo. Ojú-ìwé ti pé mọ́kànléláàádọ́rin, líǹkì pupa sì kún inú wọn bí ata tó dànù. Àwọn ìyàwó ilé ló fa á. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Yóò sọ ọ́ lórúkọ tirẹ̀. Akọ̀wé lẹ́nu ìyàwó kan, Eyínfúnjowó lẹ́nu èkejì, ẹnì kan náà ni. Bàbá kan ṣoṣo ti ní ojú-ìwé mẹ́rin, nínú ọ̀kan ó bímọ márùn-ún, nínú èkejì kò bímọ rárá. Rótìmí ṣòfin pé ojú-ìwé kan fún ẹnì kan, orúkọ ìsọmọlórúkọ ni yóò wà lórí rẹ̀, kí orúkọ ìyàwó ilé kàn máa darí ènìyàn síbẹ̀. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ẹni tó ń jẹ́ kí ni? Màmá Àyọ̀kẹ́ nìkan, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Òun ló kù láyé nínú àwọn ìyàwó ìgbà yẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó bá màmá níwájú ilé tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì lórí atẹ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó mú ìwé jáde.

"Màmá, ta ni Akọ̀wé?"

"Bàbá Ìyìn ni."

"Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n gan-an ńkọ́?"

Màmá wò ó bí ẹni pé ó ní kí òun bọ́ aṣọ. "N kì í dárúkọ ọmọ ọkọ mi. O ò mọ bàbá Ìyìn ni?"

Ó mọ̀ ọ́n. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Ìdílẹ̀kẹ̀, ìyá Olúwatóbi ni, èyí tó wà n'Ìkẹ̀rẹ́. Iṣẹ́ ń lọ geere.

"Ó ku Gbajúmọ̀," ni Rótìmí wí. "Mo mọ̀ pé wọ́n ti kú, orúkọ wọn nìkan ni mo ń wá."

Ọwọ́ màmá dúró lórí atẹ. "Ta ló kú?"

"Gbajúmọ̀, màmá."

Igbe tí màmá fi bọnu, ewúrẹ́ tó wà lẹ́bàá ògiri fẹsẹ̀ fẹ. Atẹ dojú dé, ìrẹsì fọ́n ká. "Ukú kẹ̀! Ijọ́ wo? Ó wá sínú ulé yìí l'Ọ́jọ́rú! Ó bá mi ra ìrẹsì, ó bá mi ra oògùn ẹsẹ̀! Ta ló pa ìyá Dùnmínínú?"

Rótìmí dìde. Ó tún jókòó. Dùnmínínú, ọmọ Àǹtí Fúnkẹ́mi ni.

"Màmá," ohùn rẹ̀ ti yí padà, "Gbajúmọ̀, ṣé ọkùnrin kọ́ ni?"

"Ọkùnrin wo? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ọmọdébìnrin! Ọ̀já ìyá rẹ ló fi pọ̀n ọ́, ojú mi báyìí ló ṣe. Bàtà ò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó padà dé l'ọ́jọ́ kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Rótìmí, ta ló sọ fún ọ pé ó kú?"

Kí ni ó fẹ́ wí? Pé òun ni? Lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta ni ẹni tó gbà á là ti kọ̀wé pé òun wà láàyè, lẹ́ẹ̀mẹta ni òun náà sì tún pa á. Lẹ́yìn náà òun ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ̀rù bà á láti sọ ọ́. Ó sọ ọ́. Màmá Àyọ̀kẹ́ gbọ́ ọ tán. Ó wá ní, "O ṣì jókòó níbí?"

Bí ó ṣe wakọ̀ dé Adó, kò lè sọ. Ọjà Ọba ni Àǹtí Fúnkẹ́mi ti ń ta ìrẹsì. Ó bá a láàárín àpò méjì, ó ń fi kóńgò wọn ìrẹsì fún oníbàárà. Rótìmí kò kí i. Ilẹ̀ ló na ara rẹ̀ sí, tòun ti ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ kíkan, nínú ìyàngbò. Oníbàárà sún sẹ́yìn.

"Kí ló tún kù?" ni Àǹtí wí. "O ti kọ ukú mi, o ti tì mí mọ́ta. Ṣé pósí lo gbé wá?"

"Àǹtí, n ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni Gbajúmọ̀."

"Irọ́ lo pa. Ùyá rẹ kò sọ fún ọ?"

"Ó sọ. Gbajúmọ̀ ló sọ. Kò fìgbà kan dárúkọ yín."

Ọ̀rọ̀ náà yé Àǹtí. Báwo ni ìyá Rótìmí ì bá ṣe dárúkọ rẹ̀? Ìyàwó ilé kọ́?

"Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?" ni Rótìmí bi í látilẹ̀. "Ẹ̀ ń pa á rẹ́, ẹ ò sọ nǹkan kan."

"Kí n pè ọ́ kí n wí pé kí ni? Pé èmi ni mo gbé ọ sáré? Ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Mo ṣáà ń pa ukú rẹ́ kúrò lórí mi. Bí mo bá jí láàárọ̀, màá rí i pé o ti tún kọ ọ́. Mo ní, kí ni mo fi ṣe ọmọ yìí? Nítorí aṣọ funfun? Oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi, Rótìmí. Mo sọ fún Dùnmínínú pé bí mo bá kú, o ò gbọ́dọ̀ dé ibi òkú mi."

Rótìmí bú sẹ́kún. Kò mọ̀ pé òun lè sunkún bẹ́ẹ̀ láàárín ọjà. Àǹtí wò ó, ìbínú sì ń kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "N ò mọ̀ pé o ò mọ̀," ló wí. "Dìde nílẹ̀. O ò..."

Ó dúró láàárín ọ̀rọ̀. Kóńgò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí?"

"Mo gbààwẹ̀." Ó ń wo Rótìmí bí ẹni tó rí iná lára aṣọ rẹ̀. "Ọjọ́ méje. Nígbà tí o tì mí mọ́ta yẹn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ wòlíì ìjọ wa lọ. Mo ní ẹnì kan ń kọ ukú sí mi lórí. Ó ní kí n dárúkọ ẹni náà àti orúkọ ùyá rẹ̀, kí n ní kí ukú náà padà sínú ulé ẹni tó kọ ọ́. Mo dá a, Rótìmí. Ọjọ́ méje, ìgbà mẹ́ta l'ójúmọ́. Orúkọ rẹ ni mo dá."

Ọkùnrin Áńgílíkà ni Rótìmí. Kò gba irú nǹkan wọ̀nyẹn gbọ́, ó sì ti máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kò rẹ́rìn-ín.

Àǹtí ti ń tú aṣọ ọjà tó so mọ́ ìdí. Ó ké sí obìnrin tó wà ní ìsọ̀ kejì pé kó máa bá òun wo ọjà. Kò gba owó oníbàárà. Ó fa Rótìmí dìde lápá, gbogbo ìyàngbò lára rẹ̀.

"Ibo là ń lọ, Àǹtí?"

"Ọ̀dọ̀ wòlíì. Máa bọ̀. Bí wọ́n ti ń gbàdúrà yẹn ni wọ́n kọ́ mi. Bí wọ́n ti ń gbà á padà, n ò mọ̀ ọ́n."

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ẹlẹ́pà kọjá, eré ni wọ́n ń sá.