Yàrá Tí Shamsudeen Fi Kún Ilé

Ẹ̀yìn ọwọ́ ni Shamsudeen máa ń fi kan ògiri yàrá náà, bí ẹni ń wo ara ọmọ tó ń gbóná. Á gbé e síbẹ̀ díẹ̀, á fà á kúrò kíá, á nù ún mọ́ ṣòkòtò. "Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́," ni yóò wí.

Bíríkìlà ni, nítòsí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé amọ̀ bàbá rẹ̀ ló fi yàrá kan kún, fún ìyá rẹ̀ tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìyá sùn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré nígbà ọyẹ́, ó ká ẹní rẹ̀, ó padà sínú ilé amọ̀. Shamsudeen ní òun fúnra òun yóò sùn níbẹ̀, kí gbogbo ilé lè rí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jáde pẹ̀lú súwẹ́tà méjì lọ́rùn, fìlà onírun lórí, àti ìborùn Asiyah ìyàwó rẹ̀ léjìká. Ètè rẹ̀ ti funfun.

"Ooru ni kò jẹ́ kí n sùn," ó wí.

Mátíù káfíńtà, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló là á yé e. "Ògiri tí bàbá rẹ mọ nípọn, ó ń fi ooru ọ̀sán pamọ́ di òwúrọ̀. Búlọ́ọ̀kù tìẹ, ihò ni inú rẹ̀. Ìhà mẹ́ta ni afẹ́fẹ́ ti ń gbá a, o ò sì ṣe síílì."

"Ọyẹ́ ọdún yìí ló le."

"Ọdún kẹta rèé tí ọyẹ́ ọdún yìí ti ń le, inú yàrá yẹn nìkan."

Mátíù fẹ́ bá a ṣe síílì lọ́fẹ̀ẹ́, ó kọ̀. Bó bá gbà, ó ti gbà pé yàrá tutù nìyẹn. Alfa Saifudeen ló pè kó wá ṣe àdúrà. Alfa bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá, ó parí rẹ̀ nínú oòrùn. Ó ní Ọlọ́run tó wà nínú yàrá lọ́hùn-ún náà ló wà níta.

Lójoojúmọ́, lẹ́yìn àsùbáà, Shamsudeen á kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. "Màmá, ṣé ẹ ò ní padà sí yàrá yín ni?"

"Ẹni tó kọ́ ọ ni kó máa gbọ̀n níbẹ̀."

Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Òun kì í rẹ́rìn-ín.

Oṣù keje ni Shamsudeen kú, nínú òjò. Àkàbà yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ níbi iṣẹ́ kan ní Ìkòyí-Ilé. Kò sí ọyẹ́ rárá nígbà náà. Títí dójú ikú, kò gbà kí ẹnikẹ́ni di ẹ̀bi ru yàrá náà.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Mátíù ròyìn súwẹ́tà méjèèjì àti ìborùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, Asiyah ń fi ìborùn náà nu ojú.

Oṣù kọkànlá, ọyẹ́ dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ká ẹní rẹ̀, ó há a sí abíyá, ó mú ọ̀pá, ó dorí kọ yàrá búlọ́ọ̀kù. Asiyah tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, ọyẹ́ ti dé o."

"Mo mọ̀."

Ó ń lọ.